Kí Ìrètí Ọ̀dọ́ Ìlọrin Má Di Ọjà Oníjìbìtì
Ó ti tó àkókò tí ìjọba yóò gba àwọn ọ̀dọ́ Ìlọrin lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ìrìn-àjò òkè òkun lù wọ́n ní jìbìtì. Ohun tó ń lé wọn sí ìrìn-àjò náà kò pamọ́: ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìwọ́de EndSARS, tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà ipá ọlọ́pàá, yọrí sí ìbọn yínyìn ní Lẹ́kì, ní Èkó. Ní Ìlọrin, àwọn èèyàn já wọ ibi tí wọ́n kó oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà sí nítòsí pápákọ̀ òfurufú, kónílé-ó-gbélé sì tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gbà pé òkèèrè nìkan ni ìrètí wà. A kò bá wọn wí. Àmọ́ òbí ń ta ilẹ̀ ìdílé, wọ́n ń kó owó rẹ̀ fún aṣojú tí kò ní ọ́fíìsì, nígbà tí ilẹ̀kùn gan-an ń tì. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí ìlú Ọba kò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2025, ìjọba ìlú Ọba tún dá gbígba olùtọ́jú arúgbó tuntun láti òkèèrè dúró. Kí àwọn aláṣẹ ìrìn-àjò fi orúkọ aṣojú tó lẹ́tọ̀ọ́ hàn ní gbangba, kí agbófinró mú àwọn ayédèrú, kí àwọn alákòóso ìpínlẹ̀ sì pèsè ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti owó ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ pẹ̀lú ìwé tó péye; ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó ríṣẹ́ ṣe.