Àwa kọ́ la kọ abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ni kò dé abà



Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bí wa nínú ní Òkàkà níbí. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kòrónà, wọ́n á ní ará oko ló kọ̀ ọ́, pé a ò lajú. A ò gbà.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹta 2021 ni AstraZeneca àkọ́kọ́ balẹ̀ s'Ábújá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4, fún orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 200. Kò pẹ́ tí Íńdíà tó ń ṣe é fi ní òun ò lè kó o jáde mọ́, ará ilé òun lòun fẹ́ fún. Wọ́n wá ní ká lọ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àgbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gun òkúta kó tó rí nẹ́tíwọ̀kì pe ọmọ rẹ̀ n'Íbàdàn!

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Ìgò AstraZeneca kan, èèyàn 10 ló wà fún. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ṣí i, wákàtí 6 péré ló ní, èyí tó bá ṣẹ́ kù ti di dídànù. Torí náà, bí èèyàn mẹ́ta péré bá ti abà wá, kò ní ṣí i. Á ní, "Ẹ padà wá." Ọ̀kan nínú wa gun ọ̀kadà lọ lẹ́ẹ̀mejì lásìkò òjò àkọ́rọ̀, tí àgbàdo ń dúró de gbíngbìn. Ìgbà kẹta, kò lọ mọ́. Ṣé ẹni tó kọ̀ nìyẹn? A ò bá nọ́ọ̀sì wí o. Àwọn tó mú ọjọ́ là ń bá wí: ọjọ́ tí kò sí ọjà ni wọ́n mú, wọ́n wá ń wá èrò. Lọ́jọ́ ọjà, èèyàn 10 á ti pé nídìí ìgbá gààrí kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún yẹn náà, ìjọba lọ ba abẹ́rẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́ l'Ábújá, torí ọjọ́ ti kọjá lórí ẹ̀. Òótọ́ ni, àwọn olówó tó fi tọrẹ ti pẹ́ kí wọ́n tó yọ̀ǹda ẹ̀. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù kan!

Ẹ̀bi tiwa náà wà. A gba WhatsApp gbọ́ pé ẹni tó bá gbà á á kú láàárín ọdún méjì. Ọdún méjì ti kọjá tipẹ́, wọ́n ṣì ń kọ ebè. Àmọ́ ará Ìbàdàn náà gbọ́ irọ́ yìí.

Kẹ́nikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ yìnyín bò wá lójú. Ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ni AstraZeneca ń fẹ́. Àwọn tó ń sin adìyẹ láàárín wa ń fi kúlà gbé Lasota láti Ìṣẹ́yìn, kì í bàjẹ́.

Kòrónà ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgò abẹ́rẹ́ èéyi tí wọ́n ń gún fáwọn ọmọ wa, èèyàn 10 náà ni, wákàtí 6 náà ni. Ìyá tó pọn ọmọ láti abà, tí wọ́n dá padà, ta ló ń kà á?

Lẹ́tà là ń kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, pé kí wọ́n gbé ọjọ́ abẹ́rẹ́ lé ọjọ́ ọjà. Ẹ kọ orúkọ abà yín àti ọjọ́ ọjà yín sísàlẹ̀ níbí, ká lè fi kún un.