Ìdárayá Obìnrin láti Ìgbà Èwe Títí di Ogbó

Bí ọmọbìnrin bá ti balágà tán nílẹ̀ wa, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé eré sísá kò yẹ ẹ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ yóò ní kí ó máa rọra rìn bí àgbà. Òun náà yóò sì wá àwáwí ní ọjọ́ ìdárayá, yóò lọ jókòó sábẹ́ igi. Mo lòdì sí àṣà yìí, kì í sì í ṣe nítorí ife-ẹ̀yẹ tí a lè gbà lórí pápá. Jẹjẹrẹ ọyàn ni ó mú mi sọ̀rọ̀, nítorí òun ni jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà.

Ẹ wo bí àwọn ìyá ńlá wa ní Òmù-Àrán ti ń gbé nígbà tí mọ́tò kò tí ì pọ̀. Kí oòrùn tó yọ, wọ́n ti pọnmi dé. Ọlọ ni wọ́n fi ń lọ ata, odó ni wọ́n fi ń gúnyán, wọn a sì ru iṣu láti oko wá sílé. Ẹni tí ó bá ń ná ọjà Àrán-Ọ̀rin tàbí Èsìẹ́ a fẹsẹ̀ rìn lọ, a sì fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n dìídì ṣe eré ìdárayá, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí ara wọn kò làágùn. Lónìí, ẹ̀rọ ń lọ ata, ẹ̀rọ ń fa omi, ọ̀kadà sì ń gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Èmi kò ní kí a padà sí ìyà àná: ẹrù wúwo a máa ba ọrùn àti ẹ̀yìn jẹ́, inú mi sì dùn sí ẹ̀rọ ata púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ iṣẹ́ líle náà nù, a kò fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀.

Láàárín ọdún 2011 sí 2013, àwọn oníṣègùn bi àwọn obìnrin tí ó lé ní 1,500 léèrè ọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti Ùgáńdà: àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ọyàn àti àwọn tí kò ní in. Wọn kò béèrè eré ìdárayá nìkan, wọ́n béèrè iṣẹ́ ilé, iṣẹ́ òòjọ́ àti ìrìn ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n rí i pé ewu àrùn náà kéré lára àwọn tí ń fi ara ṣiṣẹ́ jù lọ. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1994, Leslie Bernstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà ti wádìí àwọn obìnrin tí kò tí ì ju ẹni ọdún 40 lọ. Àwọn tí wọ́n ti ń ṣe ìdárayá ní nǹkan bí wákàtí 4 lọ́sẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù kì í sábà ní àrùn yìí bí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kì í ṣe é. Ẹ kíyè sí i: ìgbà náà gan-an ni àwa ń dá ọmọ dúró!

Oestrogen, èròjà tí í sọ ọmọbìnrin di obìnrin, a máa mú ẹran inú ọyàn dàgbà. Bí ó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, ewu wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró, ọ̀rá ara ni ó ń pèsè púpọ̀ nínú rẹ̀, ìdárayá sì ń dín ọ̀rá náà kù. Nítorí náà kò tí ì pẹ́ jù fún ìyá tí ó ti lé ní ẹni ọdún 50. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí àgbàlagbà máa lo ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ fún un, kí ọmọdé sì máa lo wákàtí 1 lójúmọ́. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ lọ sí ọjà wà nínú rẹ̀.

Ìdárayá kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán. Obìnrin tí ń sáré lè ní jẹjẹrẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe aláìsàn ní ọ̀lẹ. Bí kókó bá sì yọ nínú ọyàn, eré sísá kò lè mú un kúrò. Ilé-ìwòsàn ni kí a gbà lọ kíákíá, kí a má ṣe fi í pamọ́ títí yóò fi di egbò.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-ìwé wa kò pọ̀. Kí a má ṣe fi pápá sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin nìkan, kí a sì rán aṣọ ìdárayá tí yóò bo ara dáadáa fún àwọn ọmọbìnrin kíláàsì òkè, nítorí ìtìjú ni ó ń lé púpọ̀ nínú wọn lọ sábẹ́ igi, kì í ṣe ọ̀lẹ.