Fíìmù kì í fi ìwé àwìn hàn wá

  Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo fẹ́ bá yín sọ lórí abala ìṣòwò lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa bèèrè pé kí ló kan fíìmù kan ọjà. Ó kàn án dáadáa. Ìsọ̀ mélòó lèèyàn máa dé báyìí tí kò ní í bá fóònù tí wọ́n gbé ti ẹrù, tí fíìmù ń lọ lórí rẹ̀, tí ẹni tó ni ìsọ̀ ń fi ojú kan wo oníbàárà, tó ń fi ìkejì wo fíìmù? Láyé ọjọ́un, kásẹ́ẹ̀tì la fi ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló di sídíì tí wọ́n ń tò sórí àtẹ lẹ́bàá títì. Ní báyìí, orí YouTube àti Netflix ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sinimá, á wọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀.

Èmi náà ń wò ó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí nínú àwọn tí mo wò láìpẹ́ yìí ni pé owó ló wà nídìí wàhálà inú wọn, ṣùgbọ́n ibi tí owó ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde kì í sábà hàn sí wa. A máa rí oògùn, a máa rí ìjà, a máa rí ẹkún. A kì í rí ìwé àwìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí oníṣòwò máa fi ojú oníṣòwò wo fíìmù. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Fíìmù náà dùn, ó sì dára lójú. Aṣọ inú rẹ̀, ilé inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ Yorùbá, gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ olorì Arọ́lákẹ́ tó yan àlè, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ àkàlà tó jí òkú dìde. Ní tèmi, ara òfì ni ojú mi wà.

Ṣàró kì í ṣe ọ̀lẹ. Ahunṣọ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé wọ ìlú Ọ̀yọ́, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn náà ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n títí dé ààfin. Ṣùgbọ́n nígbà tó kú, tí àkàlà jí i, tí àdó ẹyẹ náà bọ́ sí i lọ́wọ́, kò tún rántí òfì mọ́. Ó di ẹni tó ń jí òkú, tó ń gba owó. Ẹ wò ó dáadáa: ọjà kan ṣoṣo ló kù tó ń tà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjà náà, kò sì lè fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ kankan. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jí ọmọ ọba, ó ní ọmọbìnrin ọba ni òun máa gbà ní owó iṣẹ́. Kò mọ̀ pé Arọ́lákẹ́ ti tú agbára inú àdó náà dànù kó tó fi ilé sílẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ wá wo Ọjẹ́ tiwa níbí. Ọjà aṣọ òkè ibẹ̀, tí wọ́n ti ń ná ní ọjọ́ 16 síra láti ayé àwọn bàbá wa, kò sí àdó kankan nídìí rẹ̀. Òwú ni, òfì ni, àti bàbá tó kọ́ ọmọ. Ẹni tó hun aṣọ tí kò tà lónìí á tún hun òmíràn lọ́la, nítorí pé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gbé àdó dání, ọjọ́ tí àdó bá ṣófo, òun náà ṣófo nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé inú fíìmù nìkan ni àdó wà. MMM dé sí Nàìjíríà, ó ti owó àwọn èèyàn pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò nílò owó ọjà ọdún. A ní a ti gbọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX tún dé ojú irú ọ̀nà kan náà, nínú Ìbàdàn níbí sì ni àwọn tí owó wọn há ti ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, tí wọ́n ń kó ohun tí wọ́n bá rí. Ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé owó òkòwò ló kó síbẹ̀, owó tí ì bá fi ra ẹlùbọ́, tàbí tí ì bá fi kún ẹ̀rọ ìránṣọ. Èrè tí ẹnì kan kò lè ṣàlàyé bó ṣe ń wá fún ọ, àdó àkàlà ni.

Ìkejì ni Battle on Buka Street, tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Obìnrin méjì, ọmọ bàbá kan náà, tí ìyá wọn jẹ́ orogún, ni wọ́n jọ ń ta oúnjẹ ní àdúgbò kan náà. Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ni Yéjídé, Mercy Johnson ni Awele. Èèyàn á rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa dun ún. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín náà ni mo ń ṣírò. Gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń ja ìjà tí wọ́n jogún lọ́wọ́ ìyá wọn, ta ló ń wo ìkòkò? Ta ló ń ka owó?

Ní Ọjà'ba, aláṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláṣọ, elélùbọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ elélùbọ́. Àlejò á rò pé wọ́n ń di ara wọn lọ́wọ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn mọ̀ pé bí òun bá ti dé ìlà yẹn, òun ò ní í lọ lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ń bá ọ pe oníbàárà ni. Bí oníbàárà bá bèèrè àwọ̀ tí o kò ní, ìsọ̀ ta lo máa ń sáré lọ? Ìsọ̀ rẹ̀ náà ni. Wàá mú ọjà rẹ̀ wá, wàá tà á, wàá san owó tirẹ̀ fún un, wàá sì mú èrè díẹ̀. Bí ẹ bá ti jà, ọ̀nà yẹn ti dí. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ohun tó wù mí kí fíìmù náà túbọ̀ fi ààyè sí nìyẹn: kì í ṣe pé kí àwọn méjèèjì kàn parí ìjà nìkan, bí kò ṣe iye tí ìjà náà jẹ wọ́n.

Ìkẹta, A Tribe Called Judah, Fúnkẹ́ kan náà ló tún ṣe é, oṣù Kejìlá ọdún 2023 ló jáde. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Ẹ dúró díẹ̀ níbí, kí ẹ wo ẹni tó ni ọjà. Oṣù Kejìlá 2020, ó gbé ọjà jáde. 2022, 2023, 2024, oṣù Kejìlá kan náà ni. Ó mọ ìgbà tí àwọn èèyàn máa ń náwó, ó sì máa ń pèsè ọjà sílẹ̀ dè wọ́n, bí aláṣọ tó gbọ́n ṣe ń kó aṣọ sílẹ̀ de Iléyá. Ìyẹn kì í ṣe oògùn.

Nípa ìtàn inú fíìmù náà, ìyá kan bí ọmọkùnrin 5 fún ọkùnrin 5 tí ẹ̀yà wọn yàtọ̀ síra, ó sì dá tọ́ wọn. Àìsàn kíndìnrín kọ lù ú, owó ìtọ́jú ga ju agbára wọn lọ, ni àwọn ọmọ bá gbèrò láti lọ jalè. Èmi ò fara mọ́ olè, mi ò sì rò pé ẹni tó ṣe fíìmù náà fara mọ́ ọn. Àmọ́ ìṣòro tó gbé síwájú wa, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kì í ṣe àìtà ló ń ti gbogbo ìsọ̀ tí ẹ rí tó ń tì. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń tì ni pé ìyá ṣàìsàn, tàbí ọmọ ṣe iṣẹ́ abẹ, owó òkòwò sì wọ ọsibítù lọ, kò padà mọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà sì ní àjọ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní OYSHIA, tí oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè bá forúkọ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àìsàn ni irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń san owó rẹ̀. Ẹ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí níbẹ̀ kí ẹ tó san owó. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ dá a lábàá níbẹ̀ pé kí ẹ jọ lọ bèèrè pọ̀. Owó àìsàn àti owó ọjà kò gbọdọ̀ wà nínú àpò kan náà.

Èyí tí mo fi ṣe ìkẹyìn ni ti ilé wa gan-an, Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ eré náà, wọ́n ti ṣe é lórí ìtàgé, wọ́n sì ti ṣe é ní fíìmù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tó wù kí èèyàn wò nínú rẹ̀, obìnrin kan náà la máa rí: olówó, òǹrorò, ẹni tó ní ẹrú òun kò gbọdọ̀ bímọ, tó ní kí wọ́n bẹ́ orí Adétutù tòun ti oyún inú rẹ̀. Eré náà dára púpọ̀. Àìmọye èèyàn ní Ìbàdàn ló jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti mọ Ẹfúnṣetán.

Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni obìnrin yìí, ó sì gbé Ìbàdàn rí. Ìyálóde ni. Oko rẹ̀ pọ̀, ó ń bá àwọn ará etí òkun ṣòwò, ẹrú rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. A ò gbọdọ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀: làálàá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wà nínú ọrọ̀ náà. Ohun mìíràn tó tún ń tà ni ohun ìjà, ó sì ń tà á láwìn fún àwọn jagunjagun Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, tó kọ nípa rẹ̀, jẹ́ kó yé wa pé gbèsè yìí wà lára ohun tó bá àárín wọn jẹ́. Wọ́n gba ohun ìjà, wọn ò san owó, obìnrin náà sì kọ̀ láti tún gbé àwìn jáde. Samuel Johnson nínú ìwé ìtàn rẹ̀ ka ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà fi kàn án: kò bá òun lọ sójú ogun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Wọ́n yọ ọ́ lóyè ní ọdún 1874. Nínú eré, májèlé ló mu. Nínú ìwé Johnson, ẹrú rẹ̀ ni wọ́n rán tó pa á lóru, lọ́dún kan náà.

Èmi ò ní kí ẹ má gbà pé ó rorò. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá ka ẹ̀sùn wọ̀nyẹn dáadáa, a máa rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ Adétutù nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ ogun ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjà tí wọn ò rí gbà mọ́. Ẹfúnṣetán gbé ọjà láwìn fún àwọn tí apá rẹ̀ kò ká láti fi gba owó rẹ̀.

Àìsàn yẹn kò tíì kúrò lọ́jà wa. Ta ló jẹ yín ní gbèsè tó pẹ́ jù? Kì í ṣe tálákà tó ń ra ẹlùbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn máa ń san, ojú máa ń tì í. Ẹni tó ga ju yín lọ ni: àlejò pàtàkì tó kó aṣọ ẹgbẹ́ lọ, olóṣèlú tó gba ọjà nígbà ìpolongo ìbò, àna tí ẹ ò lè lọ bá lówùúrọ̀. Àwọn yìí la máa ń tijú láti kọ sínú ìwé, àwọn náà ló sì ń gbé owó òkòwò wa lọ.

Ìmọ̀ràn tèmi kò gùn. Má ta ọjà láwìn fún ẹni tí o kò lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbogbo àwìn tó wà níta, má jẹ́ kó ju èrè oṣù kan lọ, kó tó jẹ́ pé bí wọn ò bá tiẹ̀ san, owó òkòwò ṣì dúró. Kọ orúkọ, kọ iye, kọ ọjọ́, kí ẹni tó gbà á sì fọwọ́ sí i lójú ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ẹbí.

Ẹ máa wo fíìmù yín o, ó ń lé àárẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ẹ bá ń wo èyí tó tún máa jáde, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta: iṣẹ́ wo ni ẹni yìí ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ló gbé e kúrò nídìí rẹ̀, ta ló sì jẹ ẹ́ lówó? Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn rẹ̀, ẹ ṣí ìwé tiyín wò.