Adájọ́ Méje Ló Yẹ Ẹni Tí Wọ́n Fẹ́ Yẹgi Fún

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ 36 ń fa owó ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, adájọ́ méje ló jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Ábùjá. Wọ́n dá a ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024. Bí òfin ṣe wí nìyẹn. Abala 234 nínú ìwé òfin 1999 ní bí ìjọba bá ń bá ìjọba ṣẹjọ́, tàbí tí ẹjọ́ bá kan ìtumọ̀ ìwé òfin náà àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó wà nínú rẹ̀, méje ni kí wọ́n jẹ́. Fún ẹjọ́ yòókù, márùn-ún ti tó.

Ara ẹjọ́ yòókù yẹn ni ìdájọ́ ikú wà. Mo ka abala náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń wá ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún. N kò rí i. Owó ìjọba gba adájọ́ méje, ọrùn ọmọ ènìyàn gba márùn-ún! Bí wọ́n bá ṣi ẹjọ́ owó dá, wọ́n ṣì lè dá owó padà. Ta ni yóò dá ẹ̀mí padà?

Ẹ wo bí ẹjọ́ náà ṣe ń rìn. Adájọ́ kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ọ ní ilé ẹjọ́ gíga, mẹ́ta ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Tó bá dé Ábùjá, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún á ka ìdájọ́, àwọn yòókù á sì máa sọ lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn ti ka ohun tí akẹgbẹ́ àwọn kọ, àwọn fara mọ́ ọn. Ó parí nìyẹn. Àfi kí gómìnà tàbí Ààrẹ ṣàánú. Bí ohùn wọn kò bá sì ṣọ̀kan, ẹni mẹ́ta péré ti tó láti rán ènìyàn lọ sọ́run.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n dá ẹjọ́ àgbẹ̀ ará Adámáwá kan. Ọkùnrin náà ní darandaran tí òun pa ló kọ́kọ́ kọlu òun. Adájọ́ mẹ́rin ní kí ìdájọ́ ikú rẹ̀ dúró. Adájọ́ Helen Ogunwumiju nìkan ló kọ̀. N kò sọ pé bí wọ́n bá fi méjì kún wọn, àgbẹ̀ náà ì bá jàre. Ṣùgbọ́n bí àgbà adájọ́ kan bá lè kọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, etí márùn-ún kò tó.

Wọ́n á ní adájọ́ kò tó. Òótọ́ ni ní oṣù Kẹwàá 2023, nígbà tí Adájọ́ Musa Dattijo Muhammad fẹ̀yìn tì, tó ku mẹ́wàá. Ní oṣù Kejì 2024, wọ́n búra fún 11, wọ́n di 21. Méje lọ́nà mẹ́ta nìyẹn.

Kò sì dìgbà tí wọ́n bá tún òfin ṣe. Abala 234 ní wọn kò gbọdọ̀ dín ní márùn-ún. Kò ní wọn kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala náà kò dárúkọ ẹjọ́ ìdìbò Ààrẹ pẹ̀lú, síbẹ̀ méje ló jókòó tí wọ́n fi dá ti ìdìbò 2023 ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún náà.

Adájọ́ Àgbà Kudirat Kekere-Ekun, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Kí wọ́n tó pe ẹjọ́ ikú tó kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n gbé àga méjì sí i.