Òrìṣà Nínú Ìwé Ìtàn Àròsọ

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ló ti ka Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi kọ ní 2018. Àwa náà ti kà á. Ìtàn náà dùn, inú wa sì dùn pé àwọn ọmọ tí a bí sí Amẹ́ríkà níbí ń pe orúkọ Ọya àti Yemọja láìtijú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀.

Nínú ìwé yẹn, irun funfun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí agbára wà lára rẹ̀. Wọ́n bí i mọ́ ọn, ó parí. Lóòótọ́, àmì ìbí wà lọ́dọ̀ tiwa náà: Dàda ń bá irun tó ta kókó wáyé, Ìgè ń mú ẹsẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n Dàda ò tìtorí irun di awo. Ifá la ó bi léèrè. Bí a bá sì tẹ ènìyàn tán, ìgbà yẹn ni ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: èèwọ̀, oríkì, omi pípọn, ilẹ̀ gbígbá. Ọfọ̀ inú ìwé yẹn, òǹkọ̀wé ló hun ún fún ìtàn rẹ̀. Ẹ má gbé e wá sójúbọ. (Ẹnì kan ti dán an wò. A ò ní dárúkọ.)

Èyí tí a fẹ́ kí ẹ kà gan-an ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, kò sì fi pamọ́: ìwàásù pọ̀ níbẹ̀, ó sì sọ Irúnmalẹ̀ di iwin tí ọdẹ ń bá jà. Èyí dùn wá. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, “daemons” ló pè wọ́n. Ọmọ tó bá kà á láìsí olùkọ́ lè rò pé ẹmẹ̀wà Sàtánì ni wọ́n. Síbẹ̀, fún àwa tí a fi ìwé atúmọ̀ èdè kọ́ Yorùbá lágbà, olùkọ́ ńlá ni. Àkàrà-Ògùn á sọ ohun kan, á tún un sọ lọ́nà mẹ́ta. Bí o ò gbọ́ àkọ́kọ́, ìkejì á là á yé ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ Ifá ń ṣe.

Ẹni tó bá gbọ́ èdè Potogí, kó wá O Sumiço da Santa tí Jorge Amado kọ ní 1988. Ère Santa Bárbara sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Ọya, ó wọ ìgboro Salvador lọ. Amado joyè nílé Ṣàngó ní Bahia. Ó mọ ohun tó ń sọ.

Ìwé Fágúnwà kan wà nínú àpótí ìwé kíláàsì. Ẹ máa yá a, ẹ ka ojú ewé kan sókè nílé, kí ẹ sì dá a padà o.