Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Dé Ẹkù

 Olùkọ́ kan bi àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé níbo ni epo pupa ti ń wá. Ọ̀kan dáhùn pé, “Inú kẹ́ẹ̀gì ni.” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún àwa ará Ìkálẹ̀. Owó epo ni wọ́n fi rán púpọ̀ nínú wa lọ sí ilé-ìwé.

Bí ẹ bá wá sílé ní Igbotako ní ọlidé Àjíǹde, ẹ mú wọn lọ sí ẹkù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo. Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni ẹyìn máa ń pọ̀ jù. Iṣẹ́ àtijọ́ náà ṣì ń lọ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ ní ibi púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wọn ṣa ẹyìn kúrò lára ìdì. Ẹ̀gún rẹ̀ yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á sè é nínú dúrọ́ọ̀mù títí yóò fi rọ̀, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á bomi lù ú. Epo á léfòó, àwọn ìyá á máa fi ọwọ́ kó o sínú ìkòkò, wọ́n á gbé e kaná títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ. (Ẹ di ọwọ́ àwọn kéékèèké mú níbẹ̀ o!) Ìyókù ẹyìn di ògùṣọ̀, èkùrọ́ di àdín.

Níbẹ̀ ni kí ẹ ti ṣí 2 Àwọn Ọba 4 fún wọn. Òróró ólífì ni ti opó náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló tà tó fi san gbèsè, tí wọn kò fi kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni ọ̀pẹ ti ṣẹ̀ wá. Ní 1848 wọ́n gbin mẹ́rin péré sí ọgbà kan ní Bogor, ní Indonéṣíà. Lónìí, Indonéṣíà àti Màlésíà ló ń ṣe epo jù láyé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn ìyá tó mọ iṣẹ́ yìí ń darúgbó, àwọn mìíràn nínú wa sì ń fi oko pamọ́ fún ọmọ bí ẹni fi ìtìjú pamọ́. A ní Ọlọ́run ti gbé wa kúrò níbẹ̀. Kí ni ó fi bọ́ wa kí ó tó gbé wa?

Kí ẹ tó lọ, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹkù. Ẹ wọ aṣọ tí kò ní dùn yín bí epo bá ta sí i. Kí ọmọ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà, kí ó béèrè iye kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n tà kí wọ́n tó san owó ilé-ìwé ọmọ kan, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ ra epo níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má sì ná an jù.