Ẹ̀yin onífídíò, ẹ má fi ìgbì ba ojú àgbà jẹ́

Àwọn àgbà ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn onífídíò tó ń ya ìnáwó wa ní Òkè-Ògùn ni mo gbé wá lónìí, nítorí ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣọ́ ti fẹ́ máa gba ìrántí mọ́ wa lọ́wọ́.

Ní ọdún 2007, a ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún fún ìyá mi ní Ṣakí. A pe onífídíò kan, ó sì yà wá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá mi jókòó nínú aṣọ etù tí a lọ hun ní Ìsẹ́yìn, ó pe àwa ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wúre fún wa. Nígbà tí wọ́n gbé CD dé, ibi tí ìyá mi ti ń wúre gan-an ni ọkùnrin náà da ìgbì bò. Àgbọ̀n ìyá mi ń lọ sápá ọ̀tún, iwájú orí rẹ̀ ń lọ sápá òsì, ilà etù tó tò gbọọrọ sì ń lọ́ bí ejò. Ọmọ mi tó kéré jù bi mí pé, "Dádì, ṣé àlá ni màmá àgbà ń lá ni?"

Ìyá mi kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. A sáré tọ onífídíò lọ pé kó fún wa ní àwòrán tó kọ́kọ́ yà, kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ti fi kásẹ́ẹ̀tì náà ya ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Ẹyin tó bá ti balẹ̀ ti fọ́ nìyẹn.

N kò sọ pé ìgbì burú. Ìbéèrè ọmọ yẹn kò kúrò lójú ọ̀nà, sinimá wa ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ rántí àtijọ́ nínú fíìmù Yorùbá, tàbí tó fẹ́ lá àlá, tàbí tí iwin fẹ́ yọ, àwòrán á kọ́kọ́ mì bí omi. Ó ń sọ fún wa pé ohun tó ń bọ̀ kì í ṣe ti ojú ayé. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní ọdún 1979, kò sí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ wa, síbẹ̀ ó fi idán kámẹ́rà dẹ́rù bani. Nínú Àníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2022, tí wọ́n yà ní Igbojaye ní Òkè-Ògùn wa níhìn-ín, ẹyẹ àkàlà jí òkú Sàró ahunṣọ. A mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, inú wa sì dùn sí i, nítorí ìtàn ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń wúre fún ọmọ kì í ṣe iwin.

Iṣẹ́ náà kò le. Nínú Adobe Premiere, Wave Warp ni wọ́n ń pè é. Ó ní ibi tí a ti ń sọ bí ìgbì yóò ṣe ga tó, bí yóò ṣe fẹ̀ tó, ibi tí yóò kọjú sí àti bí yóò ṣe yára tó. Ẹni tó bá fẹ́ kó dà bí odò Ògùn nígbà tí afẹ́fẹ́ rọra fẹ́ lù ú, yóò mú gíga wálẹ̀, yóò jẹ́ kó fẹ̀, yóò sì dín eré rẹ̀ kù. Ẹni tó bá gbé gíga sókè, tó sún àwọn ìgbì mọ́ra, ojú ènìyàn yóò dà rú ni. Ó tún ṣeé ṣe kó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kó ga díẹ̀, kó padà sí òdo láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Àárín ìran méjì ni irú èyí yẹ, kì í ṣe ojú ènìyàn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìgbì yìí kì í wọ inú àwòrán tí a kọ́kọ́ yà. Bí ìborùn lórí aṣọ ló rí: bí a bá ṣí i kúrò, aṣọ wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti ṣe CD tán, tí wọ́n sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ni kò sí àtúnṣe mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pa rẹ́ nígbà yẹn. Mẹ́mọ́rì káàdì ni lónìí.

Àwọn ọmọ wa yìí náà ní àwíjàre. Wọ́n ní bí fídíò bá lọ jẹ́jẹ́, àwọn ẹbí á ní wọn kò mọṣẹ́. Wọ́n ní owó ni wọ́n fi ń ra káàdì. Òótọ́ ni. Nítorí náà, àwa tí a ń pè wọ́n ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà, ká sọ fún wọn pé ijó àti orúkọ tó ń yọ níbẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n fi dárà. Kí wọ́n má fọwọ́ kan àdúrà, ìwúre àti ojú àgbà. Ká ra fláàṣì tiwa, kí wọ́n da gbogbo ohun tí wọ́n yà sí i, ká tó san àṣẹ́kù owó.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo ṣì ní CD yẹn nílé. Mo máa ń gbọ́ ohùn ìyá mi nínú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ rí ojú rẹ̀, àfi kí n di ojú tèmi.